Owó Tí Ilé-Iṣẹ́ Mọ́tò Bá Dín Kù, Ta Ni Yóò San Án?

Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Porsche ní orílẹ̀-èdè Jámánì kéde pé iṣẹ́ 1,900 ni òun yóò dín kù títí di ọdún 2029, ní Zuffenhausen tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ 911 àti ní Weissach tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wọn wà. Irú ìròyìn báyìí kì í pẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan á ní ó ti parí, pé ọkọ̀ tí àwọn oníṣirò owó bá ti fọwọ́ kàn kò lè dára mọ́. Àwọn mìíràn á ní ọ̀rọ̀ owó kò kan irin, pé orúkọ ńlá kì í bàjẹ́ bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èrò méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó tú ohun kan tó ti ń rú ọ̀pọ̀ ènìyàn lójú láti ọjọ́ pípẹ́ nínú ọjà ọkọ̀ àlòkù.

Ẹ mú Porsche 911 méjì, ọ̀kan tí wọ́n ṣe ní 1995, èkejì tí wọ́n ṣe ní 1999. Ti 1999 lágbára jù, ó yára jù, inú rẹ̀ fẹ̀ jù, ọwọ́ ẹni tó ń wà á sì tètè máa ń dé ohun tó bá fẹ́ tẹ̀. Síbẹ̀, èyí tó dàgbà jù ni owó rẹ̀ ga jù, ó sì sábà máa ń tó ìlọ́po méjì owó èkejì tàbí kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí ọjà fi rí bẹ́ẹ̀ wà nínú bí Porsche ṣe dín ìnáwó kù láàárín ìgbà tí wọ́n ṣe ọkọ̀ méjèèjì, àti ní pàtàkì jù lọ, nínú ibi tí ọ̀bẹ ìdínkù náà gé dé.

Kí ni a ń pè ní dídín ìnáwó kù?

Ọkọ̀ àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò ni ọkọ̀ tí ènìyàn kò rà nítorí pé ó fẹ́ dé ibi iṣẹ́ nìkan, bí kò ṣe nítorí bí ó ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń dún, àti ìtàn tó wà lẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Porsche, Saab, Alfa Romeo àti Lotus wà lára wọn, àwọn kan sì máa ń ka Mercedes-Benz àtijọ́ mọ́ wọn. Dídín ìnáwó kù ni gbogbo ìgbésẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ ń gbé kí owó tó ń ná lórí ọkọ̀ kan má baà pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ilé-iṣẹ́ lè gbà mọ iye tí yóò ta ọkọ̀ rẹ̀. Nínú ọ̀nà àtijọ́, onímọ̀ ẹ̀rọ yóò kọ́kọ́ ṣe ọkọ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wọn yóò ṣírò ohun tó ná wọn, wọn yóò fi èrè lé e, oníbàárà yóò sì san án. Bí Mercedes-Benz ṣe sábà ń ṣe é títí di ìparí àwọn ọdún 1980 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 1989 ni Toyota gbé Lexus LS 400 jáde ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bíi 35,000 dọ́là, ọkọ̀ tó dákẹ́ rọ́rọ́ bíi ti àwọn ará Jámánì, tí owó rẹ̀ kò sì súnmọ́ tiwọn rárá, ọ̀nà àtijọ́ náà sì di ohun tí kò ṣeé tọ̀ mọ́. Nínú ọ̀nà kejì, iye tí ọjà lè gbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Wọ́n á yọ èrè tí wọ́n fẹ́ kúrò nínú rẹ̀, wọ́n á wá pín ìyókù fún gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀, láti orí ẹ́ńjìnnì títí dé orí ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ kọjá iye tí wọ́n pín fún un.

Ó lè yani lẹ́nu pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta ọkọ̀ olówó gọbọi ń jà lórí owó táṣẹ́rẹ́ báyìí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá yọ dọ́là 3 péré kúrò lára ẹ̀yà kan, tí wọ́n sì ṣe irú ọkọ̀ náà tó 170,000, ó ju ìdajì mílíọ̀nù dọ́là lọ, ẹ̀yà kan ṣoṣo sì nìyẹn nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Owó tí wọ́n ń wá yìí lè jáde láti inú àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ṣòfò. Ó lè jáde láti inú lílo ẹ̀yà kan náà fún oríṣiríṣi ọkọ̀. Ó sì lè jáde láti inú ẹ̀yà tí wọ́n sọ di kékeré, tí wọ́n sọ di ohun tó rọrùn láti tò, tàbí tí wọ́n fi ohun tí kò wọ́n ṣe. Ti àkọ́kọ́ kì í pa ọkọ̀ lára, ti kejì dá lórí irú ẹ̀yà tí ó jẹ́, ti kẹta ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ la ojú sí.

Kí ló gbé Porsche dé etí bèbè?

Ní 1986, Porsche ta ju ọkọ̀ 50,000 lọ. Nígbà tó fi máa di 1993, ohun tí wọ́n ń tà lọ́dún kò tó 15,000 mọ́. Amẹ́ríkà ni ọjà wọn pọ̀ sí jù, owó dọ́là sì ti rẹlẹ̀ sí ti Jámánì débi pé ọkọ̀ wọn wọ́n kọjá agbára àwọn tó ń rà á tẹ́lẹ̀. Irú ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n ń ṣe, 911, 928 àti 968, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan pọ̀ tó ṣeé fojú rí. 911 fúnra rẹ̀ ṣì gbé àwòrán tí wọ́n yà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 sára, ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n sì fi ń tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe lára rẹ̀ kí ó tó bá ara mu.

Wendelin Wiedeking ni wọ́n fi ṣe olórí ilé-iṣẹ́ náà. Ó pe àwọn ará Japan tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ ní Toyota pé kí wọ́n wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ Zuffenhausen níṣẹ́, nǹkan tí kò rọrùn láti gbé mì fún àwọn ará Jámánì tó gbà pé àwọn ni olùkọ́ gbogbo ayé nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àwọn pẹpẹ gíga tí ẹrù kún orí wọn ni àwọn olùkọ́ náà kọ́kọ́ rí, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gun àkàbà lọ wá ẹ̀yà ọkọ̀ lórí wọn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Ìtàn tí gbogbo àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà ń sọ ni pé wọ́n gbé ayùn oníná lé Wiedeking lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló sì gé òkè àwọn pẹpẹ náà kúrò lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yà tí wọ́n nílò nìkan ni wọ́n ń gbé wá, nígbà tí wọ́n nílò rẹ̀.

Ìdínkù ìnáwó gidi ni èyí, kò sì sí onímọ́tò kan tó pàdánù nǹkan kan nítorí rẹ̀. Ó tiẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé níbi tí ẹ̀yà kò bá ti pọ̀ ní ìpamọ́, àbùkù kì í rí ibi sá pamọ́ sí. Bí ọ̀rọ̀ náà bá dúró síbẹ̀, bóyá a kì bá tí máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Kí ni gbogbo ènìyàn rí?

Ọkọ̀ tuntun méjì ni wọ́n yà pọ̀ bí ìbejì: Boxster tó jáde ní 1996, àti 911 tuntun tó jáde ní 1997, èyí tí orúkọ rẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ ń jẹ́ 996. Láti imú ọkọ̀ dé ìlẹ̀kùn, ohun kan náà ni méjèèjì, bẹ́ẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ohun tó wà níwájú awakọ̀. Ìdílé ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n tún fi sínú wọn. Ẹni tó san owó ńlá fún 911 wá ń rí ojú ọkọ̀ rẹ̀ lára èyí tí aládùúgbò rẹ̀ rà ní owó tó kéré sí i gan-an.

Iná iwájú ló bí wọn nínú jù. Láti 1963 ni iná 911 ti jẹ́ róbótó, tí ojú rẹ̀ sì dá yàtọ̀. Fún 996, wọ́n pa iná ńlá, iná ìtọ́sọ́nà àti àwọn yòókù pọ̀ sínú ìdì kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ lè tì bọ ihò rẹ̀ kíá, tí yóò sì dè é láìsí làálàá. Ní ti ilé-iṣẹ́, ọgbọ́n ńlá ni. Ní ti àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀, ó dà bí ẹyin díńdín tó yọ́ kúrò nínú páànù, orúkọ yìí ni wọ́n sì sọ ọ́. Ní 2002, Porsche fún 911 ní iná tó yàtọ̀ sí ti Boxster. Nígbà tí 997, ìyẹn 911 tó tẹ̀ lé 996, sì dé ní 2004, iná róbótó ti padà.

Ó yẹ kí n sọ ọ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bínú sí ló ti ibi owó wá. Omi ló ń tu ẹ́ńjìnnì 996 lójú dípò afẹ́fẹ́ tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn kan sì ka ìyẹn sí ìwà ọ̀dàlẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin lórí èéfín àti ariwo ọkọ̀ ti ń le sí i ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì tó fáàfù mẹ́rin (ìlẹ̀kùn kékeré tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà kọjá) wà lórí sílíńdà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń gbóná ju ohun tí afẹ́fẹ́ lásán lè tù lọ. Iná iwájú nìkan kò lè ba owó ọkọ̀ jẹ́ fún ọdún 20. Ohun tó bà á jẹ́ wà níbi tí ojú kò dé.

Kí ni ẹnikẹ́ni kò rí?

Nínú ẹ́ńjìnnì Boxster àti 996, ṣáàfùtù kan wà lábẹ́ ṣáàfùtù ńlá tí písítìnì ń yí. Òun ni ó ń gba agbára lọ́wọ́ ṣáàfùtù ńlá náà tó sì ń fi ṣéènì gbé e dé ibi àwọn fáàfù, kí fáàfù kọ̀ọ̀kan lè ṣí kí ó sì padé ní àkókò tó yẹ ẹ́. Bí àkókò yìí bá yẹ̀, písítìnì yóò gbá fáàfù, ẹ́ńjìnnì yóò sì di irin àlòkù láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ṣáàfùtù yìí nílò ohun tí yóò gbé orí rẹ̀ dúró nígbà tó bá ń yí. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì 911 àtijọ́, ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń fi ipá tì lọ síbẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣáàfùtù náà ń yí lórí ọ́ìlì láìfẹ́rẹ̀ẹ́ kan irin.

Nínú ẹ́ńjìnnì tuntun, béárìn ni wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, ìyẹn òrùka irin tí àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké ń yí nínú rẹ̀. Irú èyí tí wọ́n dí lójú méjèèjì ni, tí wọ́n ti fi gíríìsì sínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Kò nílò ojú ọ̀nà ọ́ìlì, wọ́n kàn ń tì í wọlé ni. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé inú ọ́ìlì gbígbóná ni béárìn náà ń gbé. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìdérí rẹ̀ ń le, ó ń sán, ọ́ìlì ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti fọ gíríìsì jáde, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ń wọlé náà kò tó láti ṣe iṣẹ́ gíríìsì tó lọ. Àwọn bọ́ọ̀lù á bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ara wọn, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ sì ni ẹ́ńjìnnì tó dákẹ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn ọkọ̀ àkọ́kọ́ gba béárìn tí ìlà bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ jẹ́ méjì, ìyẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tó jẹ́ ìlà kan tó sì kéré, òun ni orúkọ rẹ̀ wá di ẹ̀rù. Lẹ́yìn 2005 wọ́n fi èyí tó tóbi jù sí i, tí agbára rẹ̀ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n tí kò ṣeé yọ láìjẹ́ pé wọ́n la ẹ́ńjìnnì sí méjì. Láti ọkọ̀ ọdún 2009 ni ẹ́ńjìnnì tuntun ti dé, tí kò ní ṣáàfùtù àárín náà rárá.

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ni pé kì í ṣe àìmọ̀kan. Ní àkókò kan náà, 911 GT3 àti 911 Turbo ń jáde láti ilé-iṣẹ́ kan náà, tí ojú wọn jọ 996, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì wọn wá láti ìdílé èyí tí wọ́n ń fi orúkọ Hans Mezger, onímọ̀ ẹ̀rọ Porsche, pè, tó sì wà nínú ọkọ̀ ìdíje GT1 tó borí nínú eré ìdíje Le Mans ní 1998. Ẹ́ńjìnnì yẹn kò ní béárìn tí à ń sọ. Ọ̀nà tó dára wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, ẹni tó lè san jù lọ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún.

Ta ló san owó náà?

Bí ẹni tó ń kọ́lé láti tà bá dín sìmẹ́ǹtì inú búlọ́ọ̀kù kù, ilé náà yóò dúró, ọ̀dà rẹ̀ yóò máa dán, ẹni tó kọ́kọ́ rà á yóò sì gbé inú rẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹni tó bá rà á lẹ́yìn òjò ọdún mélòó kan ni ògiri yóò sán mọ́ lójú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí 996 nìyẹn. Ẹni tó rà á ní tuntun ní wáráǹtì, ó wà á fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ó sì tà á. Béárìn náà sábà máa ń dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ́tò kó ara wọn jọ lọ sí ilé ẹjọ́, ní 2013 sì ni wọ́n parí ẹjọ́ náà nípa àdéhùn. Àwọn ọkọ̀ tó wà láàárín ọdún 2001 sí 2005 ni àdéhùn náà kàn, ó sì dáwọ́ dúró sí ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí ọkọ̀ bọ́ sójú ọ̀nà tàbí máìlì 130,000, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé. Ẹni tí ti rẹ̀ bàjẹ́ ní ọdún kẹtàlá ni yóò fi owó ara rẹ̀ tún un ṣe.

Apá kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í ronú kàn. Béárìn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò bàjẹ́ rí. Síbẹ̀, nítorí pé ẹni tó ń ra ọkọ̀ kò lè fi ojú rí inú ẹ́ńjìnnì, ó ń yọ iye ẹ̀rù rẹ̀ kúrò nínú owó gbogbo 996 tó bá rí, àti èyí tó dá ṣáká àti èyí tó ti ń kú lọ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan rí pàdánù owó lọ́jọ́ tó fẹ́ tà á. Ìdí tí ọkọ̀ 1999 fi rẹlẹ̀ sí ti 1995 nìyẹn, pẹ̀lú pé ìran ti 1995 ni ìkẹyìn àwọn tí afẹ́fẹ́ ń tù, tí kò sì sí ibi tí wọn yóò ti ṣe òmíràn mọ́.

Ṣé ilé-iṣẹ́ náà ṣe àṣìṣe nígbà náà? Iye 996 tí wọ́n tà lé ní 170,000, àpò wọn kún, wọ́n wà láàyè. Láìsí ìdínkù ìnáwó, n kò rò pé Porsche ìbá wà lónìí bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Àwọn pẹpẹ tí wọ́n gé àti iná tí wọ́n pa pọ̀ ló gbà wọ́n là; ní tèmi, béárìn kékeré ìlà kan yẹn kò sí lára ohun tó gbà wọ́n.

Ṣé lílo ẹ̀yà kan náà fún oríṣiríṣi ọkọ̀ ló burú?

Porsche àkọ́kọ́ tó gbé orúkọ náà, 356, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní ìlú Gmünd ní Austria ní 1948, inú ẹ̀yà Volkswagen Ìjàpá ni wọ́n ti kọ́ ọ, títí kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀ nítorí ìyẹn. Mazda MX-5 tó jáde ní 1989 kún fún ẹ̀yà tí kò wọ́n, ó sì wà lára àwọn ọkọ̀ tí àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò bọ̀wọ̀ fún jù lọ, nítorí pé níbi tó kan bí ọkọ̀ ṣe ń rìn, Mazda kò fi owó ṣeré.

Saab ti Sweden ni àpẹẹrẹ òdìkejì. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn Saab nítorí àràmàǹdà rẹ̀: kọ́kọ́rọ́ tó wà láàárín ìjókòó méjì, tọ́bò tí wọ́n fi sínú ọkọ̀ ẹlẹ́bí ṣáájú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ mìíràn. General Motors (GM) ti Amẹ́ríkà ra ìdajì rẹ̀ ní 1990, ó sì ra ìyókù ní 2000. Ìpìlẹ̀ Opel Vectra, ọkọ̀ tí GM ń ṣe ní Yúróòpù nígbà náà, ni wọ́n gbé Saab 900 tuntun lé ní 1993. Ìpìlẹ̀ ọkọ̀ túmọ̀ sí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ àti ibi tí ẹsẹ̀ táyà so mọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Trollhättan, ìlú tí ilé-iṣẹ́ Saab wà, kò gbà á bẹ́ẹ̀, wọ́n ń tún púpọ̀ nínú ohun tí GM fún wọn ṣe, owó tí wọ́n fẹ́ fi pamọ́ sì ń gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, GM kò dúró de Trollhättan mọ́: Saab 9-2X jẹ́ Subaru Impreza tí wọ́n yí imú rẹ̀ padà, 9-7X sì jẹ́ Chevrolet TrailBlazer tí wọ́n ń ṣe ní Ohio. Ẹni tó fẹ́ Subaru lọ ra Subaru, ẹni tó fẹ́ Saab kò sì rí i rà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, Saab wọ gbèsè tí kò jáde kúrò nínú rẹ̀ mọ́.

Níbi tí Porsche ti fi ohun tí ojú kò rí ṣe ìdínkù, Saab fi ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń rà á gan-an ṣe é. Ti Porsche dun ẹni tó rà á lẹ́yìn, ti Saab pa ilé-iṣẹ́ náà.

Kí ni ti àwọn tó ń pèsè ẹ̀yà ọkọ̀?

Púpọ̀ nínú ẹ̀yà ọkọ̀ ni ilé-iṣẹ́ mọ́tò kì í ṣe fúnra rẹ̀, ó ń rà á ni. José Ignacio López ni orúkọ rẹ̀ kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn oníṣẹ́ mọ́tò ní Jámánì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òun ló ń bójú tó ríra nǹkan ní Opel, lẹ́yìn náà ní GM, kí ó tó lọ sí Volkswagen ní 1993. Ó máa ń fi dandan lé e pé kí àwọn olùpèsè dín owó wọn kù gan-an, kódà lórí ohun tí wọ́n ti ṣe àdéhùn lé lórí. Àwọn olùpèsè náà kì í ṣe òmùgọ̀: wọ́n dín owó kù, wọ́n sì dín ohun tó wà nínú ẹ̀yà náà kù pẹ̀lú. Àwọn ará Jámánì ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ pe irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ẹjọ́ pé ó jí àṣírí GM gbé ló lé e kúrò ní Volkswagen ní 1996.

Ṣé gbogbo àbùkù ló ti ibi owó wá?

Rárá o. Ọ̀pọ̀ tó mọ Mercedes-Benz E-Class ti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 mọ̀ nípa wáyà inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tí awọ rẹ̀ ń fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ bí ooru bá ti ń kàn án, tí wáyà yóò máa kan wáyà, tí mẹkáníìkì yóò sì máa wá àbùkù níbi tí kò sí. Nǹkan tí wọ́n fi ṣe awọ wáyà náà ni kò lè fara da ooru, kò fi hàn pé Mercedes ń wá owó tí yóò fi pamọ́. E-Class tó tẹ̀ lé e ní 1995, tó ní iná róbótó mẹ́rin, ni ìpẹtà rẹ̀ wá di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ìgbà náà sì ni Mercedes ti bẹ̀rẹ̀ sí tọ ọ̀nà kejì tí mo sọ lókè. Ní 2005, ó pe ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.3 padà láti tún wọn ṣe, lórí ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì lágbára, lórí ètò kọ̀ǹpútà àti lórí búréèkì. Àpọ̀jù ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọn kò tíì dán wò tó pẹ̀lú ìkánjú ló pọ̀ jù nínú ẹ̀bi ìyẹn.

Kí ni ẹni tó fẹ́ ra tòkunbọ̀ lè ṣe?

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ṣe rò lọ, nítorí pé púpọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gba èbúté Tin Can àti Àpápá wọlé ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan tàbí méjì ní òkè òkun kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwa ni ẹni kẹta. Wáráǹtì ti kú, àdéhùn ilé ẹjọ́ kò sì tẹ̀ lé ọkọ̀ kọjá òkun.

Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tàbí Houston tí yóò bá a wo ọkọ̀ kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi, kí ó má kàn sọ pé kí wọ́n wo bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe ń dán. Kí ó kọ́kọ́ wádìí ìdílé ẹ́ńjìnnì náà àti ọdún tí wọ́n yí ẹ̀yà inú rẹ̀ padà, nítorí pé ọkọ̀ méjì tí ojú wọn jọ, tí ọdún kan péré sì wà láàárín wọn, lè yàtọ̀ pátápátá nínú. Kí ó béèrè ìwé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí ọkọ̀ náà ju ìwé tí wọ́n fi polówó rẹ̀ lọ. Fún 996 tàbí Boxster, kí wọ́n tú asẹ́ ọ́ìlì rẹ̀, ìyẹn fílítà, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì tẹ́ ìwé inú rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀: bí eruku irin tó ń dán bá wà nínú rẹ̀, kí wọ́n dá ọkọ̀ náà padà, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó.

Bí ọ́ìlì bá mọ́, tí wọ́n sì ra ọkọ̀ náà, kí wọ́n béèrè bóyá kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ti tó pààrọ̀. Jíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí ọwọ́ tó dé ibi béárìn náà, ó sì gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ fún kílọ́ọ̀ṣì bákan náà. Ẹni tó bá ní kí mẹkáníìkì pààrọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, lára ọkọ̀ tí béárìn rẹ̀ ṣì ṣeé yọ láti ìta, owó iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò san.